Ìdí Tí Bàbá Díákónì Fi Lọ Jókòó Sẹ́yìn Mọ́tò

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ jẹ́ kí n rín in tán ná. Dèbórà, ìwọ ọmọ ọmọ mi, o lọ ra mọ́tò tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ní Turin níbí, nínú oṣù kejìlá! O rà á tán, wọ́n ní yìnyín ń bọ̀ lọ́la, ìgbà yẹn lo wá rántí pé o ní ìyá àgbà. "Màmá, Mọ́mì ní ẹ ti wa irú ẹ̀ rí. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi yọ̀?" Ó dáa. Bọ́ bàtà rẹ, kí o jókòó. Sámúẹ́lì, ìwọ náà gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti irú mọ́tò yẹn, bóyá ẹ̀yin méjèèjì ò ní sí nínú ilé yìí lónìí.

Mọ́tò ayé ìsinsìnyí, iwájú ló ti ń fà. Òmíràn wà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á tún máa bá awakọ̀ ronú. Yìnyín gan-an ò wá bíi tàtijọ́ mọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ariwo tí màá kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ni ti ṣọ́bìrì ọkùnrin tó ń tọ́jú condominio wa, ilé alájùmọ̀gbé, tó ń ha iwájú ilé: krà, krà, krà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo San Salvario, àdúgbò wa, á pa rọ́rọ́. Tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tó ń dún gbàgàgbàgà lójoojúmọ́, á máa lọ bíi pé wọ́n fi òwú di ẹsẹ̀ rẹ̀. Màá sáré lọ sójú fèrèsé bí ọmọdé, nítorí ó lẹ́wà lójú mi. Lẹ́yìn náà ni màá rántí pé èmi ni màá wa mọ́tò lọ sí Novara, inú mi á sì bàjẹ́.

Novara la ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní magazzino ńlá kan tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí. Aago mẹ́fà àárọ̀ la ń wọṣẹ́, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin tó lè gbé wa dé ibẹ̀ lásìkò. Ẹni tó bá ní mọ́tò ló ń kó àwọn tí kò ní. Èmi ni mo ní. Ẹ má wò mí báyìí o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó ìdánwò patente, ìwé ìwakọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi padà, ẹ̀ẹ̀kẹta mo gbà á. Ọwọ́ opó awakọ̀ takisí kan ni mo ti ra mọ́tò náà, ó gùn gbọọrọ, àwọ̀ eérú. Orí rẹ̀ wúwo nítorí ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ìdí rẹ̀ fúyẹ́. Táyà ẹ̀yìn tó sì yẹ kó gbé wa rìn, abẹ́ ibi tó fúyẹ́ yẹn ló wà. Mi ò mọ ìyẹn nígbà tí mò ń rà á. Pé ó ní hítà tó ń ṣiṣẹ́ ni mo rí, mo ní ó ti tó.

A máa ń pàdé níwájú ilé búrẹ́dì kan lẹ́yìn stazione, ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àwa mẹ́rin ni. Bùrọ́dà Gbénga á ti mú fìláàsì tíì dání, Sunday á ti máa sùn lóòró. Ẹni kẹrin ni Bàbá Díákónì, àgbà ìjọ wa. Bàbá Díákónì ga, wọ́n sì tóbi. Tí wọ́n bá wọ ẹ̀wù òtútù tán, ẹnu ọ̀nà á kún. Àwọn la máa ń dúró dè kí a tó wọlé. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gbogbo ọ̀nà láti Turin títí dé Novara, wọ́n á wá ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Imú mọ́tò á tẹ̀ ba. Orin ni títí a ó fi débẹ̀. Bùrọ́dà Gbénga ń gbé e, Sunday ń gbè é lójú oorun. Lónìí, ẹni mẹ́rin á wà nínú mọ́tò kan, kálukú á ki nǹkan bọ etí, wọn ò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé Bàbá Díákónì ló ni iwájú. Ṣé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ ni? Àgbà ló ń jókòó síwájú. Wọn ò ní ki àgbà mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn tí kò tó ọmọ tó bí.

Ìyá yín ò sí lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo fi Fọlákẹ́ sílẹ̀ fún ìyá mi ní Ìbàdàn. Kò sí pé à ń wo ojú ara wa nínú fóònù bí ẹ ti ń ṣe. Inú àpótí onígíláàsì ní ilé ìpè kan lẹ́bàá stazione ni mo ti máa ń pè wọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú káàdì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Ó kàn ń kí mi, ó ń dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ kọ́ mà, ó sì ń gbé fóònù fún ìyá mi. Ẹ wò ó, ìgbà tó dákẹ́ ìbéèrè yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí jù lọ láyé mi. Mo fẹ́ mú un wá kíákíá. Ìwé tí ìjọba fi ń gbà kí èèyàn mú ọmọ rẹ̀ wá, ricongiungimento, wọn ò ní fún ọ láìjẹ́ pé o ní contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, tó dúró. Èmi, oṣù kan, oṣù méjì ni cooperativa, ẹgbẹ́ tó gbà wá síṣẹ́, ń fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti odó ná, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìdúpẹ́ ìkórè ìjọ wa lọ́dún yẹn, àwọn arábìnrin láti Padua gbé odó iyán wá, odó gidi, igi tó ki. A gún iyán, a jẹ, a jó, wọ́n sì gbàgbé odó. Mo gbé e sínú bùútù mi pé màá dá a padà. Ọjọ́ kejì, yìnyín bọ́. Mo wọ mọ́tò tẹ̀rù-tẹ̀rù, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ! Kò yọ̀, kò ta ìdí. Bàbá Díákónì ní, "Ṣé o rí agbára àdúrà?" Mo ní, "Mo rí i, sà." Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí n mọ ìdí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, mo yọ odó kúrò. Àdúrà kan náà ni a gbà. Ó yọ̀ fìì, díẹ̀ ló kù kí n kọlu àpótí ìdalẹ̀nù. Ọjọ́ kẹrin, mo gbé odó padà sínú bùútù, mọ́tò tún gbọ́ràn. Mo ní, ha! Ọ̀rọ̀ yìí ní ọwọ́ odó nínú.

Àmọ́ odó roboto ni, mi ò sì so ó. Tí mo bá yà, á yí: gbọ̀n-ọ̀n! Tí mo bá tẹ bíréèkì: gbọ̀n-ọ̀n! Bàbá Díákónì ní ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ já. Mi ò jẹ́ sọ pé odó ni, mo ń tijú. Níbi ìyípo kan báyìí, odó yí sí apá òsì tagbára-tagbára, ìdí mọ́tò sì tẹ̀ lé e, a fojú kọ ibi tí a ti ń bọ̀. Bàbá Díákónì pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Sunday tó ń sùn ní, "Àmín." Bùrọ́dà Gbénga da tíì sára.

Nígbà tí mo délé, mo lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Piero nísàlẹ̀. Òyìnbó arúgbó ni wọ́n, àwọn nìkan ló ń gbé. Ọkọ̀ wàrà ni wọ́n wà nígbà èwe wọn, lórí àwọn òkè lápá Saluzzo. Wọ́n tẹ̀ lé mi jáde pẹ̀lú sálúbàtà ilé, wọ́n ṣí bùútù, wọ́n rí odó. Wọ́n bi mí pé kí nìyí. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe bí a ṣe ń gúnyán. Wọ́n rín in títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní kí n wá jókòó sí kíṣìnì wọn. Wọ́n ní, "Fi ọwọ́ rẹ lé orí tábìlì, kí o fà á." Mo fà á, ó yọ̀. Wọ́n ní, "Wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o tún fà á." Kò yọ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni táyà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí o di ẹrù rù."

Dèbórà, gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ mi, kí o sì ṣe é lọ́la. Táyà yìnyín ni àkọ́kọ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan. Àpò yanrìn méjì sínú bùútù, kí wọ́n súnmọ́ táyà, kí o so wọ́n kí wọ́n má ṣe bíi ti odó mi. Tí o bá há, bu díẹ̀ nínú yanrìn náà sábẹ́ táyà. Má fi jíà kìíní gbéra, jíà kejì ni, kí o rọra tẹ̀ ẹ́ bíi pé ẹyin wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Tí ìdí bá ń yọ̀ lọ sápá ọ̀tún, ọ̀tún náà ni kí o yí ọwọ́ sí, má fọwọ́ kan bíréèkì. Bí o bá ní ṣéènì tí wọ́n ń wé mọ́ táyà, ẹ̀yìn ni kí o fi sí. Arákùnrin kan nínú ìjọ wa fi tirẹ̀ síwájú nítorí pé ó rí i bẹ́ẹ̀ lára mọ́tò ọ̀gá rẹ̀, táyà ẹ̀yìn ń yí lásán, ó sì ń bú ṣéènì.

Nígbà tí mo dìde, Bàbá Piero bi mí pé, "Ẹni mélòó lò ń gbé? Níbo lẹni tó tóbi jù ń jókòó sí?" Mo ní, "Iwájú." Wọ́n mi orí. "Indietro, signora. Ẹ̀yìn ni kó wà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ò mọ̀ wá ni."

Kí lo wí, Sámúẹ́lì? "Nonna, ma perché non gliel'hai detto subito?" Kí ló dé tí mi ò tètè sọ fún wọn? Ọmọ tí wọ́n bí sí Italy nìwọ, o lè bi mí bẹ́ẹ̀. Kí n wo ojú ẹni tó lè bí mi, tí wọ́n ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀, kí n ní ẹ dìde, ẹ sanra jù fún iwájú? Kí gbogbo ìjọ wá gbọ́ pé nítorí mo ní mọ́tò, mo lé Bàbá Díákónì sẹ́yìn? Mo ra yanrìn, mo so ó, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, cooperativa kàn sí mi. Wọ́n fẹ́ fún àwọn kan ní contratto tó dúró, orúkọ mi wà níbẹ̀. Kí n wà ní ọ́fíìsì magazzino láàárọ̀ ọjọ́ Thursday kí aago mẹ́fà tó lù. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn dípò. Mi ò sùn. Ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, mo gbọ́ ọ láti orí ibùsùn: krà, krà, krà.

A gbéra ṣáájú àsìkò. A rọra lọ, a dé Novara, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Afárá kan wà níbẹ̀ tí a máa ń gùn kọjá lórí ojú irin kí a tó dé magazzino. Láti ìsàlẹ̀ afárá yẹn, èèyàn á ti máa rí iná rẹ̀. Mo gùn ún dé ìdajì, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, fìrì-fìrì-fìrì, a ò lọ síbì kan. Ìdí mọ́tò rọra ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi jíà kejì, kò gbọ́. Sunday sọ̀ kalẹ̀, ó da yanrìn àpò kan, a sún díẹ̀, a tún padà. Òun àti Bùrọ́dà Gbénga wá ní àwọn á tì í. Wọ́n tì í títí wọ́n fi ń mí hẹlẹ, ó burú sí i! Àwọn méjèèjì tó jókòó sẹ́yìn ló ti sọ̀ kalẹ̀ yẹn, àpò yanrìn kan ti tán, ìdí mọ́tò wá fúyẹ́ bí páálí òfìfo. Bàbá Díákónì sì wà níwájú, wọ́n ń gbàdúrà. Ta ló fẹ́ ní kí àgbà sọ̀ kalẹ̀ sínú yìnyín?

Mo mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Àtẹ́lẹwọ́ mi mọ̀ ọ́n láti orí tábìlì Bàbá Piero. Ẹnu mi ni kò jẹ́. Mo wo iná magazzino, mo wo aago, mo rántí ohùn Fọlákẹ́: bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ kọ́ mà. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo yípo lọ ṣí ti Bàbá Díákónì, mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín. Omi tútù nini wọ orúnkún mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà."

Wọ́n rò pé àdúrà ni mo fẹ́! Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Òkun Pupa, wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ Dáníẹ́lì. Àdúrà wọn kì í sì í kúrú. Mi ò já àdúrà gbà mọ́ àgbà lẹ́nu rí láyé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn mo já a gbà. Mo kígbe, "Àmín! Àmín, sà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ sẹ́yìn!"

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. "Ẹ̀yìn kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò yìí, kò sì sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Nítorí mo sanra?"

Mo ní kí ni màá tún fi pamọ́? Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ wúwo jù nínú wa, sà. Tí mi ò bá débẹ̀, ọmọ mi ò ní wá."

Wọ́n wò mí. Bùrọ́dà Gbénga yíjú sí ojú irin bíi pé ó ń wá nǹkan níbẹ̀. Bàbá Díákónì fa ẹ̀wù òtútù wọn mọ́ra. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mọ́ ara mọ́tò, wọ́n rìn dé ẹ̀yìn, wọ́n jókòó sáàárín gan-an. Ìdí mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, mo rí i. Sunday àti Bùrọ́dà Gbénga há ara wọn mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì. Mo fi jíà kejì, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Táyà yí lẹ́ẹ̀kan, ó di ilẹ̀ mú, a gun afárá. Ẹnì kan ò kọrin. Orúkọ mi ni wọ́n ń pè nígbà tí mo wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù, mo fọwọ́ sí i, omi ń kán láti orúnkún mi sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì wọn.

Inú mi dùn, inú mi ò sì dùn. Bàbá Díákónì ò bá mi sọ̀rọ̀ ní àlọ, wọn ò bá mi sọ ọ́ ní àbọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní "Pẹ̀lẹ́", ó tán. Mo lọ sílé, mo sunkún. Mo ní mo ti fi àgbà kan ra contratto. Ọjọ́ Monday, yìnyín ṣì wà nílẹ̀, mo dúró níwájú ilé búrẹ́dì. Wọ́n dé, wọ́n gbàdúrà, ó kúrú lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kọjá ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n ṣí ti ẹ̀yìn, wọ́n jókòó sáàárín. Wọ́n ní, "Kí lò ń wò? Wà á." Mo bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú.

Láti ìgbà yẹn, bí ilẹ̀ bá funfun, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí. Bó bá gbẹ, iwájú ni. Wọn ò jẹ́ kí ẹnì kankan tún dá ọ̀rọ̀ náà sọ. Tí àwọn ará ìjọ bá bi wọ́n pé kí ló gbé wọn dé ẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Èmi ni mò ń ti mọ́tò."

Ìwé Fọlákẹ́ jáde. Oṣù kẹjọ ló dé sí pápá ọkọ̀ òfurufú Malpensa, oòrùn ń jó bíi kó sun èèyàn. Bàbá Díákónì ní àwọn á bá mi lọ. Fọlákẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó jáde pẹ̀lú obìnrin tó mú un wá, ó gbá àpò mọ́ àyà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà." Èmi tí mo bí i! Òun ló dé, èmi ló ń kí káàbọ̀ bí àlejò. Mo gbá a mọ́ra, ó dúró bí igi nínú ọwọ́ mi. Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, ó lọ tààrà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fẹ́ lọ jókòó ti ẹrù rẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa, ó mọ̀ pé àgbà ló ni iwájú.

Bàbá Díákónì ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wà, láàárín, pẹ̀lú àpótí ẹrù lórí ẹsẹ̀ wọn, òógùn bo ojú wọn.

Wọ́n ní, "Lọ síwájú lọ́dọ̀ ìyá ẹ, ọmọ mi. Èmi ò lè jókòó síbẹ̀. Yìnyín ń bọ́."

Fọlákẹ́ wo òkè, ó wo oòrùn, ó wo wọ́n. Ó wá wo ojú mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀, bóyá èmi á ṣàlàyé. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un. Ó wọlé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi ọwọ́ lé jíà. Ó wò ó títí, lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kékeré rẹ̀ lé e.

Bàbá Díákónì ní láti ẹ̀yìn, "Jíà kejì, ìyá Fọlákẹ́. Rọra tẹ̀ ẹ́."